Ilẹ̀kùn Tó Há Lórí Òkè

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Mo ti padà dé. Kò-sí-wàhálà fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé mi wá láàárọ̀, èmi àti àpótí mẹ́ta pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan. Omi ń wọ ọkọ̀ láti ìdí, ó ń fi agolo gbọ́n ọn dànù, ó sì ń sọ pé kò sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni gbogbo èèyàn fi ń pè é, bóyá òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ilé ìwọ̀n ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀: yàrá kan, tábìlì kan, ẹ̀rọ rédíò, fèrèsé tó kọjú sí apá òkun tó wọ àárín òkè méjèèjì. Láti ojú fèrèsé yìí mo ń rí ìlú wa lókèèrè, níbi tí omi parí sí, àwọn òrùlé rẹ̀ kéékèèké. Mo mọ èyí tó jẹ́ ilé Màmá nínú wọn. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, iwájú ilé ló fi ṣe ibi iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí omi.

Oṣù mẹ́ta òjò ni mo fẹ́ lò. Kí n máa wọn ibi tí òkè ti lanu, kí n sì ké sí ọ́fíìsì tó wà ní ìlú bí òkè bá fẹ́ ya. Èmi nìkan ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo wọn èèkàn méjèèjìlá tí a kàn sí etí ibi tí òkè ti lanu, tí mo ń pè ní Ẹnu. Ẹnu ti là sí i ní mìlímítà mẹ́rin láti àná. Èèkàn Àgbà dúró gírígírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, òun ni mo fi ń wọn gbogbo àwọn yòókù, mo sì kí i bí mo ṣe ń kọjá. Kò sí ẹni tó gbọ́.

Ní aago méjì mo ka iye náà fún ọmọbìnrin orí rédíò ní ọ́fíìsì. Ó ní, “Mo gbọ́, mà.” Mo bi í bóyá òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní ó ń rọ̀. Mo bi í bóyá ó pọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹlòmíì fẹ́ sọ̀rọ̀.” Irọ́ ni. Èmi nìkan ló ń lo rédíò yẹn ní gbogbo òkè yìí.

Ọjọ́bọ̀, 6

Òjò. Mo gbé ife méjì sórí tábìlì láàárọ̀, mo dá ọ̀kan padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Kò-sí-wàhálà gbé kẹrosíìnì àti bátìrì wá. Bátìrì tún ti gbówó lórí, ó ní àwọn tó ń tà á kò tijú mọ́. Mo se tíì fún un, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ sè é pẹ́ kó má baà tètè lọ.

Ó ní àwọn tó wà ní èbúté ń bi òun pé, “Ṣé Òkè-ń-bọ̀ ti padà síbẹ̀?” Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, ó wá rí ojú mi, ó sì gbé tíì rẹ̀ sẹ́nu. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́dún tó kọjá yẹn.

Mo ní, “Ṣé ẹ rí àbúrò mi?”

“Mo rí i. Ó ń fá pákó.”

“Ṣé ó bèèrè mi?”

Ó wo ojú ọ̀run. “Ẹ jẹ́ ká gbé kẹrosíìnì yìí wọlé kí òjò tó dé.”

Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ọdún kan lónìí tí Màmá kú. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n má sì kọ ọ́ mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Ẹnu là ní ọgbọ̀n mìlímítà lọ́jọ́ kan. Mo ké sí ọ́fíìsì, wọ́n fọn fèrè ìkìlọ̀, gbogbo ìlú sì gòkè lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi sùn sórí bẹ́ǹṣì nínú kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Òtútù mú Màmá ní ọjọ́ keje, ó kú ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ní ọjọ́ kejìlá gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ padà sílé. Òkè kò ju òkúta kan sínú omi.

Ní ẹ̀bá sàréè, àbúrò mi kò sunkún. Ó dúró tì mí, ó ní, “Òkè kọ́ ló pa á. Ẹ̀yin ni.” Láti ọjọ́ náà kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Bí ó bá fẹ́ dárúkọ mi fún ẹlòmíì, “obìnrin yẹn” ló ń pè mí.

Òun ló kọ́ ilé yìí fún mi, oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà. Ilé ìwọ̀n àtijọ́ wà lókè lọ́hùn-ún lórí Àpáta Apárí, ìrìn wákàtí kan sí àwọn èèkàn, orókún mi kò sì gbà á mọ́. Mo ní kí a gbé ilé sọ̀ kalẹ̀ wá síbí, kí a sì kan Èèkàn Àgbà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn tán, ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀kùn tí mo bá kàn kì í ké, kì í sì í há. Ìka kan ni ẹ ó máa fi ṣí i títí ẹ ó fi darúgbó.”

Ìka kan náà ni mo fi ṣí i láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́rú, 12

Ilẹ̀ mì ní agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Ife mi rìn lórí tábìlì, mo dì í mú. Rédíò ní abẹ́ òkun ni, ibi tó jìnnà réré. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó ń gbé etí omi ṣọ́ra. Mo jókòó síwájú fèrèsé mo ń wo omi. Lẹ́yìn wákàtí méjì àti díẹ̀, ó fà sẹ́yìn, àwọn òkúta dúdú tí n kò rí rí yọ jáde, lẹ́yìn náà ó padà wá, ó gun etídò dé ibi tí koríko bẹ̀rẹ̀, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọbìnrin orí rédíò ní, “Mo gbọ́, mà.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Kò-sí-wàhálà dé bí mo ṣe ń fọ abọ́. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun, gbogbo rédíò pariwo, omi tó wá kò ju orókún mi lọ. Òkè kan ṣoṣo yìí wá ni ẹ fi ń dẹ́rù ba èèyàn?”

Mo ní kí ó wo bàsíà tí mo fi ń fọ abọ́. Mo fi ẹsẹ̀ gbá ìdí rẹ̀, gbogbo omi inú rẹ̀ mì, díẹ̀ dànù létí. Mo ní, “Ìmìtìtì ilẹ̀ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ òkun ló gbé gbogbo omi sókè. Bí ẹ bá wà lójú agbami, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó kọjá lábẹ́ ọkọ̀ yín. Ìgbà tó bá dé ibi tí omi ò jìn mọ́ ló ń dìde. Eléyìí kéré, ṣùgbọ́n ó ń ga ju ilé lọ nígbà mìíì. Oore tó ń ṣe ni pé ó máa ń pẹ́ lọ́nà, èèyàn á ráyè sá.”

“Òkè ńkọ́?”

Mo gbé òkúta tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn, mo sọ ọ́ sínú bàsíà. Omi ta sí i láyà, ó ta sí i lójú, abọ́ kan fọ́.

Mo ní, “Òkè nìyẹn. Ọ̀nà omi yìí tóóró, kò sí ibi tó fẹ́ sá sí àfi òkè àti ìlú. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló máa fi dé ọ̀dọ̀ yín.”

Ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu ojú. “Ẹ̀ bá ti fi ẹnu sọ ọ́, màá gbọ́.”

Ó bi mí bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Mo nawọ́ sí òdìkejì omi: igi ńláńlá lókè, igi tín-ín-rín nísàlẹ̀, ìlà tó pín wọn sì tọ́ bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Ibẹ̀ ga ju ilé mẹ́wàá tí wọ́n tò léra wọn. Omi ló gé àwọn ti ìsàlẹ̀ lọ nígbà kan, kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Kò-sí-wàhálà ti ń kọjá níbẹ̀ láti kékeré, ó ní òun rò pé àwọn agégẹdú ló gé e ni.

Kò sọ pé kò sí wàhálà nígbà tó ń lọ. Ó kàn juwọ́ sí mi.

Ọjọ́ Ajé, 17

Òjò ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Ẹnu là ní mìlímítà mọ́kànlá. Ìmìtìtì yẹn ti gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ọ̀gá ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ wá sórí rédíò: “Màdáámù, ẹ má tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ rántí èṣí.” Ta ló fẹ́ rán mi létí èṣí?

Ọjọ́rú, 19

Ilẹ̀kùn há díẹ̀ láàárọ̀. Òjò ti mú igi wú. Mo fá etí rẹ̀ díẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20

Òdo. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu kò là rárá láti àná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Òdo ní ìgbà kẹta. Mo se oúnjẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì jẹ ẹ́ tán. Kò-sí-wàhálà ní kí n rẹ́rìn-ín kí òun rí i.

Bí ó ṣe fẹ́ wọlé ni ilẹ̀kùn tún há, ó fi èjìká tì í. Mo ní, “Ẹ bá mi kí oníṣẹ́ tó kàn án. Ẹ ní ẹni tó ní ilẹ̀kùn òun kì í há, ẹ ní kí ó wá wò ó.” Àwàdà ni mo fi ṣe. Mo kàn fẹ́ kí ó gbọ́ nǹkan kan láti ẹnu mi, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú.

“Ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Òdo. Ọ̀gá ní òkè ti sùn. Ó ní wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì kí àwọn ará ìlú lè kà á, pé ẹ̀rù kò sí mọ́ ní ọdún yìí. Ó kí mi kú iṣẹ́, bí ẹni pé èmi ni mo rẹ òkè náà sùn. Ọmọbìnrin orí rédíò náà kí mi.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òkè kò bá ní ya rárá, kí ni Màmá wá kú fún? Ojú ti mí pé mo ro irú èyí, mo sì kọ ọ́ síbí nítorí pé kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo ti fá ilẹ̀kùn yìí ní ìgbà mẹ́ta, kò gbọ́. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde lọ wọn èèkàn, èmi àgbàlagbà, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan nínú òjò. Bí ẹnì kan bá rí mi ì bá pariwo olè.

Òdo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29, lórí Àpáta Apárí

Mo ń kọ èyí lábẹ́ tapólì. Mo fẹ́ kọ ọ́ tẹ̀léra bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kò-sí-wàhálà dé ní agogo mẹ́sàn-án. Kò tíì so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ti ń sọ̀rọ̀. “Mo jẹ́ iṣẹ́ yín o. Káfíńtà bínú. Irú ìbínú yẹn, n ò rí i rí.”

“Kí ló wí?”

“Ó ju ayùn sílẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ sọ fún obìnrin yẹn pé igi náà gbẹ fún ọdún mẹ́ta kí n tó fá a. Òjò kankan ò lè mú un wú. Ilẹ̀kùn tí mo bá kàn kì í há. Tó bá há, ilé ló yí. Kó lọ wo ilé ẹ̀.’”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ sí mi ní ọdún kan nìyẹn. Inú bí mi. Mo ní ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe fáàrí, ẹni tó kọ́ ilé náà ló tún ń bú ilé. Mo ti gbé ọ̀bẹ láti tún fá a, kí n sì fi ohun tí mo bá fá kúrò ránṣẹ́ padà sí i. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ pé ilé ló yí dá mi dúró.

Mo so òkúta kékeré mọ́ okùn ìránṣọ, mo fi í kọ́ sí igun òkè ẹnu ọ̀nà. Ó yẹ kí okùn náà rọ̀ sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ férémù lọ. Ó kúrò lára férémù ní ìwọ̀n ọwọ́ mi kan.

Kò-sí-wàhálà ní, “Kí lèyí túmọ̀ sí?”

Mo ní, “Ẹ wọ bàtà yín.”

Mo gbé rédíò kékeré àti tapólì, ó gbé omi àti ìrẹsì tí mo ti sè, a gun Àpáta Apárí. Orókún mi ń ké, n kò dá a lóhùn. Lókè, Èèkàn Àtijọ́, èyí tí a ń lò kí a tó kan Èèkàn Àgbà sísàlẹ̀, ṣì wà nínú àpáta. Nígbà tí a gbé ilé sọ̀ kalẹ̀, èmi fúnra mi ló wo ojú rẹ̀: bí èèyàn bá kúnlẹ̀ sẹ́yìn èèkàn yìí, orí òpó tó wà lórí òrùlé ilé máa ń bo òkúta funfun kan lódìkejì omi. Mo kúnlẹ̀. Mo rí òkúta funfun náà kedere. Orí òpó ti sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ju mítà kan lọ.

Nínú igbó láàárín àpáta àti ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí a gbà wá, ni a ti rí ẹnu tuntun kan. Ó gùn títí ojú ò tó o mọ́. Ó fẹ̀ débi pé Kò-sí-wàhálà fẹ́ fò ó kọjá, ó sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Òkè kò sùn. Ńṣe ló kó gbogbo ìdajì ara rẹ̀ pọ̀, Ẹnu àtijọ́, èèkàn méjèèjìlá, Èèkàn Àgbà, ilé, ibùsùn mi, gbogbo rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ pọ̀, kò sí èyí tó kúrò lọ́dọ̀ èkejì rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń ka òdo. Mo fi ẹni tó ń rìn wọn ẹni tó ń bá a rìn. Orókún mi ló yan ibẹ̀.

Mo ní, “Ẹ lọ bá àbúrò mi. Ẹ sọ fún un pé mo wo ilé. Ẹ ní ilé ló yí.”

Ó wo omi tí ó máa gbà kọjá lábẹ́ òkè náà. Mo retí pé yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ gba ibi tí ẹnu tuntun náà ṣì tóóró.

Mo pe ọ́fíìsì. Ọ̀gá ní, “Màdáámù, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ fi ń ka òdo fún wa.” Mo ní òdo náà kò tọ̀nà, mo sì sọ ìdí. Ó ní, “Tí mo bá tún fọn fèrè yẹn, tí nǹkan ò ṣẹlẹ̀, ta ló tún máa gbọ́ ọ lẹ́yìn ìyẹn? Ẹ jẹ́ kí n wá wò ó fúnra mi lọ́la.” Mo ní bó bá wá lọ́la bóyá kò ní bá òkè níbẹ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. N kò bẹ ẹnikẹ́ni rí lórí rédíò.

Lẹ́yìn wákàtí méjì mo gbọ́ fèrè ìlú.

Ọmọbìnrin orí rédíò ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní àbúrò mi wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó lórí, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní, “Ẹ fọn ọ́n.” Ọ̀gá ní ẹ̀rí kò tíì dájú. Àbúrò mi ní, “Èmi ni ẹ̀rí. Mo kàn án fúnra mi.” Ọmọbìnrin náà ní gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí àbúrò mi ti ń sọ nípa mi láti èṣí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè jiyàn.

Mi ò lè kọ̀wé mọ́ lónìí.

Ọjọ́ Àìkú, 30

Wọ́n ti gòkè tán, àwọn ará ọ́fíìsì sì gbé rédíò wọn dání. Mo rí iná wọn ní fèrèsé ilé ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo kà á, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Òjò ń rọ̀ sí wa lára nígbà kan náà. Òkè kò mira.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù keje

Orí òpó tún ti sọ̀ kalẹ̀ sí i lábẹ́ òkúta funfun, ìwọ̀n ọwọ́ mẹ́ta. Mo ń jẹ ìrẹsì tútù. Mo fi ife méjì sílẹ̀ ní ilé ìwọ̀n, ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọbìnrin orí rédíò bi mí pé, “Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín, mà?” Mo ní ó ń rọ̀. Ó ní, “Ṣé ó pọ̀?” Mo sọ bó ṣe pọ̀ tó fún un, mo sì sọ ọ́ pẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2

Wọ́n ti ń kùn. Ìyá arúgbó kan ti ń wúkọ́ ní kíláàsì kejì. Ní kíláàsì kejì gan-an, níbi tí Màmá kú sí. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo bọ́ sílẹ̀ mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Bí ó bá kú, tí òkè kò sì ya, n kò ní lè gbé ní ìlú yẹn mọ́, n kò sì ní mọ ibi tí mo fẹ́ lọ.

Ní ọ̀sán àwọn ọkùnrin bíi ogún kó ẹrù wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé, Òkè-ń-bọ̀ tún ti dé. Ọmọbìnrin náà ní àbúrò mi lọ dúró sí ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́. Kò bá wọn jà. Ó ní, “Yàrá yẹn ni ìyá mi kú sí. Tí ẹnì kan bá lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, èmi ni. Mi ò tíì sọ̀.” Lẹ́yìn náà ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó lọ fi bo ìyá arúgbó náà. Àwọn ọkùnrin náà gbé ẹrù wọn padà wọlé.

Mo ní kí ọmọbìnrin náà tún un sọ fún mi. Ó tún un sọ.

Ọjọ́rú, 3

Ó ya ní agogo méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

N kò gbọ́ ariwo ní àkọ́kọ́. Mo rí òpó orí òrùlé tí ó ń rìn. Ilé náà lọ lódindi fún ìgbà díẹ̀, ó jókòó bí ẹni wà nínú ọkọ̀, lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́. Ariwo wá dé, ilẹ̀ gbọ̀n, mo dì mọ́ Èèkàn Àtijọ́. Ìdajì òkè já sínú omi. Omi dìde ní òdìkejì, ó gun àwọn igi tín-ín-rín, ó kọjá ìlà, ó mú nínú àwọn igi ńlá pẹ̀lú. Ó wá ṣubú padà, ó sì yíjú sí ìlú.

Mo wo aago mi. Mo ti sọ ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, bí ẹni ń sọ iye owó ọjà. N kò mọ bó ṣe gùn tó. Èèyàn lè ronú kan gbogbo ẹni tó mọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ní ìṣẹ́jú keje ààbọ̀ ó dé etí ìlú. Mo rí òrùlé Màmá, lẹ́yìn náà n kò rí i. Kò sí òrùlé kankan. Omi ń gun òkè lọ sí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, omi kò tán, kùrukùru sì bo gbogbo rẹ̀.

Mo pe ọ́fíìsì. Mo pè é títí. Ariwo bíi ti epo gbígbóná ni mo ń gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4

Kò sí ìdáhùn. Kùrukùru kò ká. Mo ń pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan sínú rédíò, àwọn tí mo mọ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó máa ń pè mí ní Òkè-ń-bọ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, wọ́n ní. N kò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Ní agogo mẹ́rin kọjá, rédíò ké. Mo rò pé ọmọbìnrin náà ni. Ohùn ọkùnrin ni, ó ti há.

“Ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Mo wà.”

“Òpó rédíò wó, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dúró ni. Omi dé ẹ̀gbẹ́ géètì, ó dúró. Mo ka gbogbo wa lẹ́ẹ̀mẹta. A pé. Ìyá tó ń wúkọ́ náà ń jẹun.”

Mo gbé ẹ̀rọ náà mọ́ etí gbọn-in.

Ó ní, “Ilé Màmá ti lọ.”

“Mo rí i.”

“Mo rò pé kíláàsì yẹn ló pa á. Gbogbo ọdún yìí. Tí a bá ti wà nílé lánàá…” Kò parí rẹ̀. Lánàá kọ́, ìjẹta ni, ṣùgbọ́n n kò tún un ṣe.

Mo ní, “Kíláàsì yẹn ló pa á. Mo mọ̀. Èmi ni mo ní kí ẹ lọ síbẹ̀. N kò gbàgbé.”

Mo gbọ́ tí ó fa bẹ́ǹṣì kan sún mọ́ rédíò.

“Ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́?”

“Ó bá òkè lọ. Mo ti fá a bàjẹ́ kó tó lọ, ní ìgbà mẹ́ta.”

“Ẹ fá ilẹ̀kùn mi?”

“Mo fá a.”

Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà fún mi, kí n lè kan òmíràn.”

Mo ní, “Ilé wo ló ní ẹnu ọ̀nà? Abẹ́ tapólì ni mo wà.”

Ó ní, “Mi ò bi yín bóyá ilé wà. Ẹ wọ̀n ọ́n.”

Mo yọ téèpù ìwọ̀n mi nínú àpò. Mo dìde dúró lẹ́yìn Èèkàn Àtijọ́, mo wọn gíga mi àti ìbú èjìká mi, mo fi ìwọ̀n ọwọ́ kan lé e fún ẹni tó máa bá mi wọlé. Mo kà á fún un. Ó ní òun ti gbọ́.